Ìdánwò Comps nínú Ìmọ̀ Ìṣèlú: Ohun tí Ìrírí Ti Kọ́ Mi

Ìwé ìdáhùn tó máa ń dùn mí jù lọ nínú ìdánwò comps, ìyẹn ìdánwò ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ ipele ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ yege kó tó dojú kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé. Ti ẹni tó kàwé títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ni. Á to orúkọ ogójì òǹkọ̀wé lẹ́sẹẹsẹ, lágbájá sọ báyìí, làkáṣègbè sọ tọ̀hún, ojú ìwé mẹ́wàá á kún, ẹni tó ń kà á á sì dé ìparí láì mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi í. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kùnà, ó sì máa ń ya ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kì í ṣe iye ìwé tó kà ni ìdánwò yìí ń wọ̀n. Ohun tó ń wọ̀n ni bóyá ó lè mú àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn onímọ̀, kó tò ó kó ṣeé rí, kó sì dá ẹjọ́ náà lójú ara rẹ̀ kí àkókò tó tán.

Amẹ́ríkà ni ìdánwò yìí ti gbilẹ̀ jù, Kánádà náà sì ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tiwọn: akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ láti ọdún kìíní, ìgbìmọ̀ kan á sì yẹ ohun tó ti kọ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé pátápátá sí ipele ọ̀mọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, kíláàsì ni nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́. Ìdánwò á wá tẹ̀ lé e, ní ìparí ọdún kejì tàbí níbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Comps, quals, prelims, field exams, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ní Princeton, generals ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yege, tí ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí àbá ìwádìí rẹ̀, ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní ABD: ohun gbogbo ti parí, ó ku iṣẹ́ ìwádìí nìkan. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n sábà máa ń fún un láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kùnà, oyè másítà ni yóò gbà kúrò níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka ńlá mẹ́rin ni wọ́n pín ìmọ̀ ìṣèlú sí níbẹ̀: ìṣèlú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ìṣèlú ìfiwéra, tó ń fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, àti èrò ìjìnlẹ̀ ìṣèlú láti ayé Plato wá. Ìlànà ìwádìí ti di ẹ̀ka karùn-ún ní ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì. Àwọn míì tún ní ẹ̀ka òfin àti ilé ẹjọ́, tàbí ti ẹ̀yà àti ìran. Ẹ̀ka méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi ṣe ìdánwò, àwọn ibì kan ń béèrè mẹ́ta. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má yan ẹ̀ka kejì torí pé wọ́n ní ó rọrùn. Àwọn tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ máa ń wo ẹ̀ka tí ènìyàn fi ṣe comps kí wọ́n tó gbà pé ó lè kọ́ni nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yan èyí tí ẹ lè dúró tì fún ogún ọdún.

Bí ìdánwò náà ṣe rí kò dọ́gba kárí, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò lọ. Àwọn kan máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sínú yàrá, wọ́n á fún un ní kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní sí ìwé nílẹ̀, yóò sì dáhùn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Níbẹ̀, orí ni àpò ìwé. Kò sí ẹni tó ń retí nọ́ńbà ojú ìwé. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún tó sún mọ́ ọn, àti kókó ohun tó sọ ti tó. Àwọn míì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ sílé fún wákàtí 24, 48 tàbí 72, àwọn kan tiẹ̀ ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ yín, àwọn tó ń máàkì á retí kí ìtọ́kasí péye, kí àròkọ yín gún régé, kí ẹ má sì kọjá iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ kọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé tuntun nígbà tí aago ti ń lọ ti pẹ́ jù. Àwọn dìpátímẹ́ǹtì kan sì ti fi ìdánwò alákòókò sílẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí kékeré tàbí àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ ni wọ́n ń gbà dípò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbèjà rẹ̀ lójúkojú.

Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìlànà dìpátímẹ́ǹtì yín, èyí tó wà lójú iṣẹ́ lọ́dún tí ẹ wọlé. Òfin lè yí padà, ti ọdún ìwọlé ló sì sábà máa ń de akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo iye ìbéèrè, iye wákàtí, bí wọ́n ṣe ń máàkì, àti bóyá ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tàbí àpapọ̀ ni wọ́n ń wò. Ìkejì ni àwọn ìbéèrè àtijọ́, ó kéré tán ti ọdún márùn-ún. Ìkẹta ni orúkọ àwọn tí yóò kọ ìbéèrè tọdún yìí. Wọn kì í sábà ju ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta lọ, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì sì máa ń hàn nínú ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ fi ọjọ́ kan gbáko to àwọn ìbéèrè àtijọ́ náà. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé kan, kí ẹ wá máa fi èyí tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ẹ̀ka ìṣèlú ìfiwéra, ẹ ó rí i pé ohun tó ń yí lọ yí bọ̀ kò pọ̀: ìdí tí ìjọba tiwa-n-tiwa fi ń wáyé tàbí fi ń wó, ìdí tí ogun abẹ́lé fi ń bẹ́, ìpìlẹ̀ ìjọba tó lágbára, ètò ìdìbò àti ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, àti bí ìjọba apàṣẹwàá ṣe ń pẹ́ lórí oyè. Ní àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ìdí tí orílẹ̀-èdè fi ń jagun àti ìdí tí wọ́n fi ń fọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń bí ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Nǹkan bí àríyànjiyàn mẹ́wàá sí méjìlá ló ń gbé ẹ̀ka kan ró. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìwé kan tí kò kan ọ̀kankan nínú àwọn àríyànjiyàn wọ̀nyí ti ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn èyí ni àkójọ ìwé kíkà. Ó lè jẹ́ 100, ó lè lé ní 200. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ bá a ṣe ìṣirò. Bó bá jẹ́ 150, tí ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ẹ lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọgọ́ta ọjọ́ nìyẹn, ohun tó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ méjì àbọ̀. Àmọ́ ẹ má pín in tán. Ẹ ṣe kíkà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kí ẹ fi mẹ́ta tó kù kọ ìdáhùn. Ẹni tó bá kàwé títí di ọjọ́ ìdánwò láì kọ nǹkan kan dà bí ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ lórí ilẹ̀.

Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kò yẹ kó gbà yín ju wákàtí kan lọ. Ìwé odidi kò yẹ kó ju mẹ́ta lọ: ẹ ka ìfáàrà àti ìparí tinútinú, ẹ ka orí tó gbé tíọ́rì náà kalẹ̀, ẹ wo orí kan tó gbé ẹ̀rí wá, kí ẹ sì fojú wo ìyókù. Ìwé èrò ìjìnlẹ̀ nìkan ni mo yọ sílẹ̀, torí pé níbẹ̀, gbólóhùn gan-an ni ẹ̀rí. Lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà márùn-ún sílẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín: ìbéèrè wo ló ń dáhùn, kí ni ìdáhùn rẹ̀, báwo ló ṣe ní nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí wo ló mú wá, ta ló sì ń bá jà. Ìlà karùn-ún yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, òun ló sì níye lórí jù, torí pé òun ló so ìwé kan mọ́ èkejì. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí òǹkọ̀wé kan ń bá jà, ẹ ò tíì ka ìwé rẹ̀ yé.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìbéèrè kan, ká tú u palẹ̀, torí pé ìmọ̀ràn lásán kò tó. Ìbéèrè náà nìyí: ṣé ọrọ̀ ló ń sọ orílẹ̀-èdè di ti ìjọba tiwa-n-tiwa? Lọ́nà kan tàbí òmíràn, ó máa ń yọjú nínú ìṣèlú ìfiwéra.

Bí ìdáhùn tí kò lágbára ṣe máa ń lọ rèé. Lipset, ní 1959, fi hàn pé àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ ló ń ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Moore, ní 1966, sọ ti àwọn onílẹ̀ ńlá, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò ìlú. O'Donnell, ní 1973, sọ ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Przeworski àti Limongi kọ tiwọn ní 1997, Boix àti Stokes ní 2003, Acemoglu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2008. Ní ìparí, akẹ́kọ̀ọ́ á ní ọ̀rọ̀ náà díjú, ó sì yẹ kí ìwádìí tẹ̀síwájú. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Kò sí ìdáhùn kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún tí ìwé jáde ló fi tò ó, ọdún kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìdáhùn tó lágbára á kọ́kọ́ la ìbéèrè náà sí méjì. Bíbí ọ̀tọ̀, wíwò ọ̀tọ̀: ṣé ọrọ̀ ló ń bí ìjọba tiwa-n-tiwa, àbí ó kàn ń jẹ́ kí èyí tí wọ́n ti bí má kú? Lipset rí i pé méjèèjì jọ ń rìn, ṣùgbọ́n ohun méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ibi tí Przeworski àti Limongi ti wọlé nìyẹn. Wọ́n wo ọdún 1950 sí 1990, wọ́n sì ní ìjọba apàṣẹwàá lè ṣubú nítorí ìdí èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ní orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tàbí tálákà. Àmọ́ bí ìjọba tiwa-n-tiwa bá ti lè dé ibi tí ọrọ̀ wà, ó máa ń dúró. Kò sí ọ̀kan tó wó nínú dátà wọn ní orílẹ̀-èdè tí ìpín owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ju ti Argẹntínà lọ́dún 1975, ìyẹn dọ́là 6,055 ní iye owó ọdún 1985. Argẹntínà ni ààlà náà torí pé àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 1976. Ẹ rí i bí nọ́ńbà kan tó ní ìtumọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ju orúkọ mẹ́wàá lọ.

Boix àti Stokes ló wá dá wọn lóhùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà ní 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó tètè lọ́rọ̀ ti di ti ìjọba tiwa-n-tiwa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá yọ àwọn tó ti bímọ kúrò, kò ní yani lẹ́nu pé ẹ ò rí ìbímọ. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́yìn ju 1950 lọ, wọ́n rí i pé ọrọ̀ ń bí i, ó sì tún ń dá a sí. Àwọn Acemoglu gba ọ̀nà mìíràn: dípò kí wọ́n fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, wọ́n fi kálukú wé ara rẹ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn. Ìbáṣepọ̀ náà pòórá. Èrò tiwọn ni pé ìtàn àtijọ́ ti fi àwọn orílẹ̀-èdè kan sójú ọ̀nà tó mú ọrọ̀ àti ìjọba tiwa-n-tiwa wá lápapọ̀. Ní báyìí, O'Donnell àti Moore kì í ṣe orúkọ tí a kàn tò mọ́: àwọn ni wọ́n ń béèrè pé ọrọ̀ ta ni, irú ọrọ̀ wo? Bràsíl ní 1964 àti Argẹntínà ní 1966 wà lára àwọn tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá jù ní Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí ológun gbàjọba lọ́wọ́ wọn. Àti pé ọrọ̀ epo rọ̀bì kò jọ ọrọ̀ tó ti inú owó orí ará ìlú wá, nítorí pé ìjọba tí kò nílò owó orí yín kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìfọwọ́sí yín.

Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé òun gbà pé ọrọ̀ ń dá ìjọba tiwa-n-tiwa sí, ẹ̀rí pé ó ń bí i kò tíì tó lójú òun, àti pé bí a bá fẹ́ mọ̀, a ní láti pín ọrọ̀ sí oríṣi kí a tó kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè gba òdìkejì kó sì yege. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó sọ ẹ̀rí tó gbà á lọ́kàn, kó sì sọ èyí tí ìbá yí i lọ́kàn padà. Ìpínrọ̀ kan péré ni ìyẹn máa ń gbà, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wá.

Ní ti aago: bí wọ́n bá fún yín ní wákàtí mẹ́rin fún ìbéèrè méjì, wákàtí méjì méjì ni. Nínú ìṣẹ́jú 120 tó jẹ́ ti ìbéèrè kan, ẹ fi márùn-ún ka ìbéèrè náà, ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe ìlapa èrò, ẹ fi 75 kọ ọ́, kí ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù kà á padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láì tẹ ọ̀rọ̀ kan máa ń ni ènìyàn lára nígbà tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ń dún lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fara dà á. Ìdáhùn tí kò ní ìlapa èrò máa ń rí ohun tó fẹ́ sọ ní ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, kò sì sí àyè mọ́ láti padà lọ tún ìfáàrà ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tí ẹ mọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí àkókò rẹ̀ bá ti pé, ẹ dìde kúrò lórí rẹ̀. Ìdáhùn kan tó dára gan-an kò lè gbé èkejì tó dúró sí agbede méjì, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń máàkì ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìfáàrà yín gbọ́dọ̀ gbé ìdáhùn náà kalẹ̀ láàárín gbólóhùn márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tó ń máàkì lè ní ìwé mẹ́jọ níwájú. Bí ìbéèrè bá ní apá mẹ́ta, ẹ dáhùn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí apá kọ̀ọ̀kan sì hàn gbangba lójú ìwé. Mo ti rí i léraléra pé àwọn ìwé tó kùnà sábà máa ń fi apá kan sílẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ apá tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orílẹ̀-èdè gidi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn àṣìṣe míì wà tí kò yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹnì kan á ti há ìdáhùn sórí láti ilé, á wá dà á sílẹ̀ sórí ìbéèrè tó kàn jọ ọ́. Àwọn olùdánwò máa ń mọ̀ láti ìpínrọ̀ kejì. Ẹlòmíràn á bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ìwé tó kà, bí ẹni pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan rí. Ẹlòmíràn á yin ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nínú ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ìbá fẹ́ kí ó bá òun jiyàn dáadáa. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀sùn tí kò ní ojú: “ohun kan tí wọn kò kà sí lè wà lẹ́yìn èyí.” Ohun wo? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ sọ bí ó ṣe máa kan ohun tó ń fa ọ̀ràn náà àti ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ẹ sì sọ ibi tí yóò ti èsì náà sí, sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ̀sùn tó bá ṣeé sọ nípa gbogbo ìwé láyé kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú yín.

Ìdánwò ìlànà ìwádìí ní tirẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n lè gbé tábìlì ìṣirò síwájú yín kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ gbé ètò ìwádìí kalẹ̀ lórí ìbéèrè kan. Kòtò tí ọ̀pọ̀ ń jìn sí ni kí wọ́n ka nọ́ńbà inú tábìlì logit, ìyẹn ìṣirò tí a ń lò fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé ó ń sọ iye tí ìṣeéṣe fi pọ̀ sí i ní tààrà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ẹ yí i padà kí ẹ tó lè sọ ọ́.

Ẹ wá ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa kàwé, ẹ má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè pín ìwé láàárín ara yín, ṣùgbọ́n ìwé tó bá jẹ́ òpó àríyànjiyàn kan, kí kálukú kà á fúnra rẹ̀. Ìlà márùn-ún tí ẹlòmíràn kọ kì í dúró lórí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹ ṣe ìdánwò àfiṣe ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú aago, lórí ìbéèrè àtijọ́, kí ẹ sì gbé ọ̀kan fún ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá níbẹ̀ kó bá yín kà á. Ti àkọ́kọ́ máa ń burú. Ó sàn kó burú nílé.

Fún ìdánwò tí ẹ ń gbé lọ sílé, ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Bí ẹ bá ń ṣe àkọsílẹ̀ lórí ìwé tí ẹ kà, ẹ fi àmì sí gbólóhùn tó bá jẹ́ ti òǹkọ̀wé gan-an. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ò ní rántí èyí tó jẹ́ tiyín mọ́, bí ẹ bá sì dà á sínú ìdáhùn láago méjì òru, jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ tún béèrè ní kíkọ, ṣáájú ọjọ́ náà, bóyá ẹ lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nígbà tí ìdánwò ń lọ, àti irú ẹ̀rọ tàbí ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ lè lò. Ẹ pa èsì náà mọ́. Kí ẹ sì sùn: nínú wákàtí 72, ẹni tó sùn lóru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà láàárín máa ń kọ ohun tó mọ́lẹ̀ ju ẹni tí kò sùn lọ.

Ìdánwò àfẹnusọ máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí ẹ kọ, níbi tí ó bá wà, ó sì lè gbà tó wákàtí kan sí méjì. Ẹ tẹ ìdáhùn yín jáde, ẹ kà á bí ẹni tó fẹ́ wó o, kí ẹ kọ ibi tó ti jò sí etí ìwé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ “kí ni ìbá wù ẹ́ láti tún kọ?” Ẹni tó bá ní kò sí nǹkan kan ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá dárúkọ ìwé tí ẹ ò kà, ẹ sọ pé ẹ ò tíì kà á, kí ẹ wá béèrè ohun tó sọ, kí ẹ sì fi dáhùn. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn. Èyí tí wọn kì í dárí jì ni kí ènìyàn máa ṣàlàyé ìwé tí kò rí rí. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè tó bá le. Lójú yín ó máa ń pẹ́, lójú wọn kò pẹ́.

Bí èsì bá dé tí kò dára, ẹ má ṣe padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àkójọ ìwé. Ẹ béèrè fún àlàyé ní kíkọ lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó máàkì rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ìwé ni mi ò kà tó, àbí ìdáhùn ni mi ò kọ dáadáa? Kíkọ ló pọ̀ jù. Àkókò àtúnṣe sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ lò ó láti kọ ìdáhùn kan lọ́sẹ̀ kan pẹ̀lú aago. Bí ẹ bá sì yege, ẹ kó ìlà márùn-ún márùn-ún yẹn pa mọ́ síbi tí ẹ ti lè tètè rí i. Láàárín ọdún kan, ẹ ó nílò rẹ̀ láti kọ àbá ìwádìí yín, ẹ ó sì tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kí ẹ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní kíláàsì.